Búútà Tí Ẹ Fi Ọmọ Pamọ́ Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí wọ́n gbé yín jáde nínú ilé yìí. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má ṣe fi ojú díwọ̀n ohun tí mo bá lè kà. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti ogójì ọjọ́ náà ti kọjá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey yìí wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹ sàárà, wọ́n sì padà sídìí ọjà wọn. Ìyá mi ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Igi dóńgóyárò iwájú ilé ń wọ́wé, èmi ni mo sì ń gbá a láràárọ̀ báyìí. Bàtà yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì rí ẹni tí a máa fún.

Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí yín tipẹ́, àmọ́ ìwé ìfẹ́ ni mo fẹ́ kọ, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kó má baà dà bí ẹni pé mo fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Fífi nǹkan pamọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí búútà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹ ti ti mọ́sálásí dé, ẹ sì ti ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aṣọ wa fún ìsinmi ọ̀sán. Mò ń sunkún lórí ìṣirò onítàn tí wọ́n fún wa. Mo mọ àròpọ̀, mo mọ àyọkúrò, àmọ́ tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ gbé e kalẹ̀, pé ẹnì kan ní èyí, ẹnì kejì ní ìyẹn, orí mi á dàrú. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ lọ bu omi sínú búútà méjì tí a fi ń ṣe àlùwàlá, àwọn onírọ́bà aláwọ̀ ewé yẹn, tí wọn ò tóbi ju ara wọn lọ. Ẹ gbé ife mẹ́ta tó kún fún omi sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

“Gbogbo omi yìí, ife mọ́kàndínlógún ni. Ife mélòó ló wà nínú búútà kan? Má ṣí ìdérí o.”

“Mẹ́wàá,” ni mo wí.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mo fojú wò ó ni.”

“Ojú kì í rí inú búútà. Ya á.”

Ẹ fún mi ní ẹfun tí ẹ fi ń sàmì sára aṣọ, ẹ sì ní kí n yà á sẹ́yìn ìlẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù. Búútà méjì, ife mẹ́ta, àmì ìdọ́gba, mọ́kàndínlógún. Ẹ ní ohun tí a kò bá mọ̀, ká ya búútà dípò rẹ̀, ká má bẹ̀rù rẹ̀, torí nǹkan wà nínú rẹ̀ bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ ní ilé méjì ló wà lọ́tùn-ún àti lósì àmì yẹn, ohun tí mo bá mú kúrò nínú ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ mú un kúrò nínú èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe ojúsàájú nìyẹn. Mo mú ife mẹ́ta kúrò níhìn-ín, mo mú mẹ́ta kúrò lọ́hùn-ún, ó ku mẹ́rìndínlógún. Mo pín in sí méjì. Mẹ́jọ. Mo fẹ́ fò sókè, ẹ na ìka sí mi.

“Ó kù. Dá a padà sínú ìtàn. Ìdáhùn tí kò bá lè padà sínú ìtàn, irọ́ ni.”

A sì jọ da omi náà, ife kan tẹ̀lé ìkejì, a kà á. Mẹ́jọ ni. Omi ṣàn dé abẹ́ àwọn ìgàn aṣọ, Ìyá mi sì bínú sí àwa méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ jẹ́ tiwa. Mo rò pé kò sí ọmọ mìíràn ní Niamey tí bàbá rẹ̀ ń ya búútà fún. Ohun tí mo rò nìyẹn, Bàbá, fún ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ rántí pé búútà yẹn kó bá mi nílé-ẹ̀kọ́. Mo yà á sínú ìwé ìdánwò, olùkọ́ gbé e sókè fún gbogbo kíláàsì, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe tíì ni. Wọ́n pè mí ní Búútà títí ọdún fi parí. Mo délé, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín, lẹ́yìn náà ẹ wá fẹ̀sọ̀ sọ pé kí n máa kọ x nílé-ẹ̀kọ́, kí n máa ya búútà nílé. Ẹ ní ọ̀kan náà ni wọ́n, aṣọ ìjáde ni x.

Ìléyá ọdún yẹn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kejì. A ti jẹun tán, ẹ ń bó ẹ̀pà sínú àwo, ẹ sì hú ikọ́ kékeré yẹn tí ẹ máa ń hú kí ẹ tó béèrè nǹkan. Ọkùnrin kan bí ọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n fi ọdún mọ́kànlá ju àbúrò lọ. Àpapọ̀ ọjọ́ orí wọn jẹ́ mẹ́tàlá. Mo sọ àbúrò di búútà, mo sọ ẹ̀gbọ́n di búútà kan àti mọ́kànlá. Búútà méjì àti mọ́kànlá dọ́gba pẹ̀lú mẹ́tàlá. Mo mú mọ́kànlá kúrò nílé méjèèjì, ó ku méjì. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún kan, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá.

“Ẹgbẹ́ mi ni ẹ̀gbọ́n yìí,” ni mo wí.

“Ẹgbẹ́ ẹ ni lóòótọ́.”

Ẹ kọ mẹ́tàlá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìléyá tó tẹ̀lé e, ẹ tún béèrè, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dún kẹta, mẹ́tàdínlógún. Ó di eré láàárín wa. Kódà nígbà tí mo ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ẹ ò yé béèrè, èmi náà ò yé dáhùn. Mo bi yín lọ́dún kan bóyá àwọn ọmọ yìí ò lórúkọ ni. Ẹ ní ìṣirò kì í béèrè orúkọ, ẹ sì na àwo ẹ̀pà sí mi. Ẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá kí ẹ tó lọ. Nọ́mbà mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, ọmọbìnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wọ̀, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ ra aṣọ ni.

“Fofo, Tàntí,” ó kí mi bí àwọn Sáámà, àwọn onílùú Niamey, ti ń kí. Ó wá bọ́ sí Yorùbá, ó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Wọ́n ní kí n wá bá yín tí ó bá le.”

“Tí kí ni bá le?”

“Ìṣirò.”

“Ta ló ní kí o wá?”

Ó ṣí àpò ìwé rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìdánwò rẹ̀ sórí aṣọ, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Talladjé ló wà lókè rẹ̀. Darandaran kan ló wà nínú ìbéèrè náà, àgùntàn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ewúrẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹran náà sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ó ti dáhùn rẹ̀, ewúrẹ́ méjìlá, àgùntàn mẹ́rìndínlógójì. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ti fi bírò pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀, ó fún un ní òdo, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìṣirò ni òun béèrè, òun ò béèrè àwòrán.

Búútà mẹ́rin ni ó yà síbẹ̀, Bàbá. Pẹ̀lú ìdérí wọn. Ẹnu wọn kọjú sọ́tùn-ún bí ẹ ti máa ń yà á.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó wojú mi bí ẹni pé èmi ni kò gbọ́n. “Bàbá,” ó wí. “Bàbá wa.”

Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un tán. Mo mọ̀ pé mo ní a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ò tíì kírun Alásárì. Mo ti i jáde, ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn láti Talladjé torí kò rí ẹni gbé e. Mo fa ìlẹ̀kùn dé, mo sì bá ara mi níwájú nọ́mbà mẹ́rìnlá yẹn. Kò gba àkókò. Mọ́kàndínlógójì, mú mọ́kànlá kúrò, ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n, pín in sí méjì. Mẹ́rìnlá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ tó wà níta yẹn.

Mo dá a padà sínú ìtàn, bí ẹ ti kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Àsàlátù Ọjọ́ Àìkú tí ẹ máa ń lọ ní Talladjé, tí ẹ kì í mú wa lọ. Eruku tó máa ń wà lára bàtà yín tí ẹ bá dé, tí mo máa ń fọ̀. Ó tún wọlé síbì kan tó dùn mí jù. Ọdún tí mo pé mẹ́tàdínlógún, ẹ ní ojú yín ò ríran mọ́ láti wọn aṣọ, ẹ ní kí n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá yín jiyàn. Nọ́mbà ọdún yẹn jẹ́ mẹ́tàlélógún. Búútà jẹ́ mẹ́fà. Ọdún tí mo kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ni òun wọ̀ ọ́.

Ṣé ojú yín ni kò ríran lóòótọ́, Bàbá?

Mo bá Ìyá mi lágbàlá, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

“Ìyá mi, ọmọ kan wá láti Talladjé.”

“Ràfátù?” Kò gbójú sókè. “Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó wá.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n.”

“Èmi? Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n?”

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. “Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti mọ̀. Mo ní kí bàbá ẹ pè ẹ́ kó sọ fún ẹ. Ó ní òun ti sọ. Ó ní o tilẹ̀ ń bá òun ṣírò ọjọ́ orí ọmọ náà lọ́dọọdún, o sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i.”

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà.

“Mo wá ń wò ẹ́,” Ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Mo ní ọmọ tèmi yìí mà le lọ́kàn o. Ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ń lọ, ó ṣì ń fọ bàtà tó fi ń lọ.”

Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ṣe. Ọdún tí mo kúrò nílé-ẹ̀kọ́ yẹn náà ni Ìyá mi ṣíwọ́ fífi oríkì pè mí. Mo rò pé torí mo ti dàgbà ni. Ọdún mẹ́jọ ni obìnrin yẹn fi jókòó tì mí, tó gbà pé mo ti gbè sẹ́yìn yín, tí èmi sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti fẹ́ràn mi. Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀. Ẹ sì sọ fún mi lọ́nà tí mi ò fi lè mọ̀. Ó yá yín lára láti máa sùn láàárín àwa méjèèjì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀sìn gbà yín láyè. Ta ló máa ní kí ẹ má fẹ́ ìyá Ràfátù? Obìnrin Sáámà tó gbé abọ́ ìrẹsì wá lọ́jọ́ kẹjọ, tí Ìyá mi fà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí ẹní, mo rò pé oníbàárà ni. Ìyá mi kò ṣépè fún un. Kí wá ni ẹ̀rù ń bà yín sí? Ṣé èmi ni? Ṣé torí mo máa béèrè ìdí tí Jímọ̀ fi jẹ́ tèmi, tí Ọjọ́ Àìkú fi jẹ́ ti ẹlòmíràn? Ẹ ní ká má ṣe ojúsàájú láàárín ilé méjì. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn nìkan lẹ ti pa òfin yẹn mọ́.

Ràfátù gbàgbé ìwé ìdánwò rẹ̀ sórí aṣọ. Mo fẹ́ fi í dáná. Ìyá mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ dọ́gba, ó ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni, kí n dá a padà fún ọlọ́mọ. Ó fi oríkì mi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ì bá má wọ̀ mí létí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ. Mo wọ takisí kan dé Wadata, mo wọ òmíràn, eruku ojú ọ̀nà kò lópin. Mo rí bí ọ̀nà náà ti jìn tó, mo sì ń rò ó pé ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò ríran ń dá lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá Ràfátù tẹ́ ẹní fún mi. Ó fi Yorùbá kí mi, Bàbá, àti bí ẹ ti máa ń fa ìparí “ẹ káàbọ̀” gẹ́lẹ́. Mo ní láti wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Búútà kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, aláwọ̀ ewé.

Ó sọ fún mi, Hausa ló fi sọ ọ́, pé kọ́mpò ìkẹyìn, ìdánwò ìparí ọdún, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ìṣirò bá tún dá ọmọ náà padà, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn, yóò bá òun dúró nídìí ọjà ní Wadata. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n ní kí ọmọbìnrin fi ìwé sílẹ̀ wá dúró ti ọjà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Mo bi Ràfátù pé kí ló dé tó fi ya búútà sínú ìwé ìdánwò.

“Báyìí ni Bàbá ṣe ń yà á.”

“Wọn ò sọ fún ẹ pé kí o máa kọ x nílé-ẹ̀kọ́?”

“Rárá. Wọ́n ní nígbà tí a bá dé orí ìṣirò ìdánwò, àwọn máa sọ nǹkan kan fún mi. A ò tíì dé ibẹ̀.”

Ó gbé ìwé tí ẹ jọ ń lò jáde. Mo ṣí i. Ìṣirò wa ló wà níbẹ̀, Bàbá, èyí tí mo rò pé tèmi nìkan ni. Àmọ́ ẹ yí i padà fún un. Ẹ̀gbọ́n lẹ fi sínú búútà tirẹ̀. Búútà méjì, ẹ yọ mọ́kànlá, ó dọ́gba pẹ̀lú mọ́kàndínlógójì. Èmi ni ẹ ní kí ó wá. Ó sì ti ṣì í ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó yọ mọ́kànlá níbi tó ti yẹ kó fi kún un, ó kọ mẹ́rìnlá.

“Mo sọ fún Bàbá pé ìbejì ni wá,” ó wí. “Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n dá a padà sínú ìtàn.”

“O wá dá a padà?”

“Kò wọlé. Mẹ́rìnlá àti mẹ́ta kì í ṣe mọ́kàndínlógójì. Mo tún un ṣe, mo rí yín.” Ó pa ìwé náà dé. “Mo ti mọ ọjọ́ orí yín láti Ìléyá tó kọjá. Mi ò ṣáà mọ ojú yín ni.”

Òun mọ̀ pé èmi ni. Ẹ sọ fún un. Ọmọ kékeré tó wà ní Talladjé ni ẹ sọ òtítọ́ fún, èmi tó ń fọ bàtà ni ẹ fi àdììtú fún. Mo ti gbìyànjú láti rí i bíi ti ẹni tó ń tijú ọmọ rẹ̀ àgbà. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì wọlé sínú ìtàn fún mi.

Mo mú bírò. Mo pa búútà mẹ́rin rẹ̀ rẹ́, mo kọ x síbẹ̀, mo ní kí ó tún darandaran náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé aṣọ ìjáde ni x, pé búútà kò kúrò nílé wa. Ilé wa ni mo sọ. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó ṣe darandaran náà, ó ṣe mẹ́ta mìíràn, nígbà tó parí ó ń hú ikọ́ kékeré kan. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní rárá, ìbéèrè ni òun fẹ́ béèrè.

Bàbá, mi ò tíì dárí jì yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ wà, bí mo tilẹ̀ ń ṣàdúrà fún yín ní wákàtí ìrun márààrún, bí mo tilẹ̀ ń rántí ẹ̀pà tí ẹ máa ń yan èyí tó sanra sílẹ̀ fún mi. Mo máa ń ronú báyìí pé bóyá ẹ ń yan òmíràn sápò fún Ọjọ́ Àìkú.

Ràfátù ń bọ̀ lónìí lẹ́yìn ìrun Alásárì, èmi ló sọ pé kó wá. Mo ti pọn omi sínú búútà méjèèjì, Ìyá mi sì ti kó ìgàn aṣọ kúrò nílẹ̀ kí ó má baà tutù. Títí yóò fi ṣe kọ́mpò rẹ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni n ó máa kọ́ ọ. Tí Ìléyá bá sì dé, èmi ni n ó kọ mọ́kànlélógójì sábẹ́ mọ́kàndínlógójì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, n ó kọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀,
ẹ̀gbọ́n Ràfátù.